Ohùn Kẹta Nínú Ògiri

"Ìjì kan jà lọ́dún yẹn," ni Ẹlẹ́nu-Irin wí, ó gbé ẹsẹ̀ kan lé orí àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. "Ó ti ká òrùlé ilé mọ́kànlélógún lọ, tèmi ló kù. Mo na ọwọ́ sókè báyìí, mo gbá a mú nírù. Mo ká a bí ẹni ká áńkáṣífù, mo kì í bọ àpò ṣòkòtò. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mi ò fi sá aṣọ sórí okùn. Bí mo bá fọ aṣọ tán, màá kàn la ẹnu àpò díẹ̀, fììì! Aṣọ ti gbẹ, ó tiẹ̀ ti lọ̀ fúnra rẹ̀."

"Àpò ọ̀tún ni àbí tòsì?" Onígbàjámọ̀ ló béèrè, abẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìdajì orí oníbàárà ṣì wà ní wúruwùru.

"Ọ̀tún ni. Mànàmáná ló wà lápò òsì."

Àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ́rìn-ín títí ẹni tí wọ́n ń fá lórí fi bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jọ̀ọ́, etí òun ni onígbàjámọ̀ fẹ́ fá lọ yẹn.

Iṣẹ́ páìpù ni Ẹlẹ́nu-Irin kọ́, kò sì sí ẹni tó mọ̀ ọ́n jù ú lọ ní gbogbo òpópónà náà. Ṣùgbọ́n láti bí ọdún méjì sẹ́yìn ló ti so iṣẹ́ mìíràn mọ́ ọn: ó ń ta òògùn. Ó ní ẹ̀tù dúdú nínú àdó kéékèèké, ó ní ońdè aláwọ pupa tó so mọ́ra bí èso. Ó ní ẹ̀tù náà ń lé ọ̀tá, ó ń lé àlá burúkú, ó ń lé àna tí kò fẹ́ lọ sílé. Ohun tó wà nínú rẹ̀ gan-an kò ju ìwé ìròyìn tó jó lọ, iyọ̀ díẹ̀, ata díẹ̀, àti irọ́ púpọ̀.

"Ẹlẹ́nu-Irin," onígbàjámọ̀ tún pè é, kò rẹ́rìn-ín mọ́, "ìwọ tó mú ìjì nírù, kí ló dé tí o ò lè mú ohun tó ń bá àbúrò rẹ sọ̀rọ̀?"

Ẹ̀rín kú lórí bẹ́ǹṣì bí iná tí wọ́n da omi lé. Ẹlẹ́nu-Irin sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀ lórí àpótí.

"Ọjọ́ kìíní oṣù tó ń bọ̀," ó ní, "màá ti lé wọn wọ inú òkun, àtọkọ àtaya wọn. Ẹ lọ kọ ọ́ sílẹ̀!"

Ó gbé àpótí rẹ̀, ó lọ. Ẹnu rẹ̀ ṣì ń súfèé, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò rìn bí ẹsẹ̀ ẹni tó mú ìjì. Bí ẹsẹ̀ ẹni tó jí nǹkan ló ń rìn.

*

Aláago ni gbogbo àdúgbò ń pe àbúrò rẹ̀, torí pé aago ló ń tún ṣe. Awò olójú kan, ẹ̀mú tó tín-ín-rín bí irun imú, ìyẹn ni irinṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ni ògidì irinṣẹ́. Bí o bá da ogójì aago sínú àwo kan, á dẹtí sí i, á ní, "Ẹ mú èyí tó wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún yẹn wá. Eyín rẹ̀ kan ti ṣẹ́." Wọn á tú u. Eyín kan á ti ṣẹ́ lóòótọ́.

Irú etí bẹ́ẹ̀ ni Ẹlẹ́nu-Irin fi ṣeré.

Ní ilé ìyá wọn, yàrá Aláago jẹ́ ilé ìdáná tẹ́lẹ̀. Ẹlẹ́nu-Irin fúnra rẹ̀ ló yí i padà sí yàrá. Ó gé páìpù omi àtijọ́, ṣùgbọ́n ọ̀lẹ kò jẹ́ kó hú u kúrò nínú ògiri. Ẹnu páìpù náà kan wà lókè bẹ́ẹ̀dì Aláago, lẹ́yìn kàlẹ́ńdà ọdún tó ti kọjá. Ẹnu kejì yọ sínú yàrá irinṣẹ́ Ẹlẹ́nu-Irin, ó fi ìdérí irin dé e. Kò sẹ́ni tó rántí rẹ̀ mọ́ àfi òun.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, tí Aláago ń sùn, Ẹlẹ́nu-Irin tú ìdérí yẹn, ó fi ẹnu sí páìpù, ó gbé ohùn rẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ ikùn.

"Aláago," ó ní. "Aago rẹ ti kú. Ìwọ ló kàn."

Aláago fò jáde ní síńgílẹ́ẹ̀tì, ó dúró sójú títì, ó ń wo òkè, ó ń wo ilẹ̀. Ẹlẹ́nu-Irin yí gbirigbiri nínú àwọn irin rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi ojú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kún garawa. Ó ní tí àwọn bá ń jẹun alẹ́, òun á sọ fún un. Ìgbà tí wọ́n ń jẹun, ó wo ojú àbúrò rẹ̀. Ó ní ó di ọ̀la. Ọ̀la dé, ó tún di ọ̀la.

Ọ̀la yẹn di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà náà ni Aláago bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohùn ní ibi tí páìpù kò sí: ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá rẹ̀, lójú títì, nínú aago àwọn oníbàárà. Ohùn ọkùnrin kan tó ń pàṣẹ, ohùn obìnrin kan tó ń rojọ́ rẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, ó lo oṣù méjì. Wọ́n ní orúkọ àìsàn náà ni sikisofiréníà. Ìyá wọn kò lè pè é. "Àìsàn olóhùn" ni òun ń pè é.

Ọ̀gá Aláago wá kí i nígbà tó padà délé. Ó jókòó díẹ̀, ó ní, "Àga rẹ ṣì wà nídìí tábìlì. Mi ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni jókòó sí i. Tí ọjọ́ kìíní oṣù bá pé, tí o bá lè gbọ́ aago láìgbọ́ nǹkan mìíràn dàrú mọ́ ọn, padà wá. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, màá gba ẹlòmíràn. Má bínú."

Ẹlẹ́nu-Irin wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, nǹkan kan jókòó sí àyà rẹ̀ bí òkúta inú bàtà. Ẹnu mi ni mo fi ṣílẹ̀kùn fún wọn, ó ń wí nínú ara rẹ̀. Èmi ni mo pè wọ́n wọlé.

*

Ohun tó yẹ kó ṣe ni kó jẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti mú ìjì nírù, báwo ló ṣe fẹ́ jẹ́wọ́ páìpù?

Ó wá rò ó pé ohùn ló kó wọn wọlé, ohùn náà ló gbọ́dọ̀ lé wọn. Ó so ońdè pupa kan mọ́ àbúrò rẹ̀ lápá, ó bu ẹ̀tù sí ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́rú kan, aago méjì, tí ìyá wọn ti lọ sọ́jà, ó tú ìdérí irin.

"Aláago," ó ní, jẹ́jẹ́ lọ́tẹ̀ yìí. "Má bẹ̀rù. Èmi ni ọba gbogbo ohùn. Mo wá gbà ọ́ lọ́wọ́ wọn."

Nínú páìpù, ó gbọ́ mímí àbúrò rẹ̀. Ó gbọ́ bí bẹ́ẹ̀dì ṣe dún.

"Ṣé wọ́n á lọ?" Aláago béèrè. Ohùn rẹ̀ kéré bí ti ọmọ ọdún márùn-ún.

"Wọ́n á lọ. Ońdè tí ẹ̀gbọ́n rẹ so mọ́ ọ lápá, má tú u. Oògùn ọsibítù yẹn ló ń so agbára mi lọ́wọ́. Dà á nù."

Kò mọ ìgbà tí gbólóhùn yẹn jáde. Ìlara ló sọ ọ́, ẹnu rẹ̀ ni ìlara yá lò. Obìnrin kan wà ní ọsibítù tó ń tọ́jú Aláago, dókítà tí kì í gún abẹ́rẹ́, tí kì í kọ oògùn, ọ̀rọ̀ nìkan ló ń sọ, ó sì máa ń fún àwọn aláìsàn rẹ̀ ní ìwé kékeré kan. Dókítà Oníwèé ni Ẹlẹ́nu-Irin ń pè é. Bí obìnrin yẹn bá wo Aláago sàn, ta ni yóò wá san ẹ̀ṣẹ̀ páìpù?

Ó gbọ́ tí wíńdò ṣí ní yàrá kejì. Ó gbọ́ tí nǹkan kéékèèké dà sórí páànù àdúgbò, ko-ko-ko, bí òjò tí kò tíì dàgbà.

*

Ní ọjọ́ kejì sí ìgbà yẹn, Dókítà Oníwèé ránṣẹ́ pe gbogbo ìdílé. Ẹlẹ́nu-Irin fi ońdè mẹ́ta sábẹ́ ẹ̀wù, ó ki àdó kan sápò, ó lọ wo òògùn ẹni tí wọ́n jọ ń du orí kan náà.

Ó retí orí òkú. Ó retí àwọ̀n tí wọ́n fi ń mú iwin. Ohun tó bá ni tábìlì kan, àga mẹ́rin, fáànù, àti obìnrin kúkúrú kan tó wọ awò ojú, tí ohùn rẹ̀ rọ̀ bí òwú. Ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà á. Ẹni tí òògùn rẹ̀ kò hàn, níbo lèèyàn fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá a jà?

"Màmá," Dókítà Oníwèé wí, "bí ó bá ní òun gbọ́ ohùn, kí lẹ máa ń sọ?"

"Mo máa ń ní irọ́ ni!" ìyá wọn kígbe. Ìyá yìí, bó bá ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, òpópónà mẹ́ta ló ń jí. "Mo máa ń ní kò sí nǹkan kan, jókòó jẹ́ẹ́!"

"Ẹ má sọ pé irọ́ ni, Màmá. Ó gbọ́ ọ. Ẹ má sì sọ pé ẹ̀yin náà gbọ́ ọ. Ẹ kàn bi í pé báwo ló ṣe ṣe é lára. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pariwo mọ́ ọn. Ariwo ilé máa ń mú kí àwọn ohùn náà gbóná sí i."

"Èmi! Èmi kí n má pariwo!"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ìyá wọn fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu bí ẹni tó fẹ́ mú ẹyẹ.

Dókítà yíjú sí Aláago. "Ẹ rántí ohùn tó kọ́kọ́ dé?"

"Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni," Aláago dáhùn. "Ó ní aago mi ti kú, èmi ló kàn."

Òógùn bo Ẹlẹ́nu-Irin láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Wọn ì bá fi fọ ọkọ̀ méjì.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ara yín yá?"

"Ooru ni, Dókítà."

"Fáànù ń fẹ́ yín ní tààrà."

Dókítà kàn wò ó. Ó wá sọ̀rọ̀ kan tó mú kí ońdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lábẹ́ ẹ̀wù di yìnyín: "Lọ́jọ́bọ̀ tó ń bọ̀, màá wá sílé yín. Kí n tó dé, a ó ti mú ohùn kan. Bí a ó ṣe mú un, àárín èmi àti Aláago ló wà."

Mú ohùn! Ẹlẹ́nu-Irin ti pa irọ́ ìjì, ó ti pa irọ́ mànàmáná, kò tíì pa irọ́ pé ó mú ohùn rí. Obìnrin yìí sọ ọ́ láìrẹ́rìn-ín. Bí wọ́n ṣe ń dìde, ó yọ àdó jáde, ó tì í sábẹ́ àga tó jókòó sí pé kó máa jẹ òògùn obìnrin náà láti ìsàlẹ̀. Wọ́n ti dé ẹnu ọ̀nà nígbà tó gbọ́ ohùn òwú yẹn lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbàgbé àdó ata yín."

*

Ní ọjọ́ Ajé, Ẹlẹ́nu-Irin rí ìwé kékeré náà. Aláago ń wẹ̀. Ìwé náà wà lábẹ́ ìrọ̀rí, ó nípọn tó ìpín méjì búrẹ́dì. Ó ṣí i bí ẹni tó ń ṣí ìkòkò tí ejò wà nínú rẹ̀.

*Aago mẹ́wàá àárọ̀. Ọ̀gá Ariwo ní kí n má jáde. Mo gbà á gbọ́ ogójì nínú ọgọ́rùn-ún. Mo ní màá gbọ́ tirẹ̀ ní aago márùn-ún. Mo kọrin sínú. Ó dákẹ́ díẹ̀.*

*Aago mẹ́rin. Ìyá Ẹjọ́ ní gbogbo èèyàn ojú títì ló ń wò mí. Mo ka ojú mẹ́wàá. Méjì ló wò mí. Ọ̀kan fẹ́ béèrè aago tó lù. Mo gbà á gbọ́ ogún.*

*Ọ̀gbẹ́ni Irin. Ọjọ́rú, aago méjì ọ̀sán. Mo sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀ torí pé ohùn rẹ̀ ní irin nínú. Inú yàrá yìí nìkan ló ti ń sọ̀rọ̀. Àwọn yòókù ń tẹ̀ lé mi jáde, òun kì í tẹ̀ lé mi. Ó ní kí n da oògùn nù. Mo dà á nù. Mo gbà á gbọ́ ọgọ́rùn-ún, torí ó sọ̀rọ̀ bí ẹni tó fẹ́ràn mi.*

Ẹlẹ́nu-Irin ka ìlà tó kẹ́yìn yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìwé kíkà rẹ̀ kò tó nǹkan, ìwé mẹ́fà ló kà kó tó sá lọ kọ́ṣẹ́, ṣùgbọ́n ó yé e. Kò sí èpè kan láyé yìí tí wọ́n lè ṣẹ́ lé e tó máa dùn ún tó bẹ́ẹ̀.

Ó gbọ́ pé ìró omi ti yí padà nílé ìwẹ̀. Ó lọ yọjú. Aláago kò wẹ̀. Ó ti sọ aago ògiri ìyá wọn kalẹ̀, ó fi táwẹ́lì wé e, ó tì í bọnú garawa omi, ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n.

"Àbúrò, kí lo ń ṣe?"

"Ohùn náà wà nínú aago, ẹ̀gbọ́n mi. Ó ń sọ̀rọ̀ ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ kó dákẹ́." Ó wo ońdè pupa tó wà lápá rẹ̀, omi ń kán lára rẹ̀. "Mi ò tíì tú u o. Mo ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ní kí n ṣe."

Ọjọ́ karùn-ún nìyẹn tí kò ti lo oògùn. Ọjọ́ kìíní oṣù ku ọ̀sẹ̀ kan péré.

Ẹlẹ́nu-Irin kúnlẹ̀ sínú omi tó dà sílẹ̀, ó bá a di garawa mú. Ó la ẹnu pé kó sọ ọ́. Páìpù ni, àbúrò. Èmi ni. Ọ̀rọ̀ náà dé orí ahọ́n rẹ̀, ó gbé e mì.

*

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, òjò ṣú láti àárọ̀. Ojú ọ̀run dúdú bíi kanga, ẹyẹ kan ṣoṣo ń ké lórí wáyà, ó ń ké bí ẹni tí wọ́n fún ní iṣẹ́ kíké. Ní aago méjì, Ẹlẹ́nu-Irin wọ yàrá irinṣẹ́. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan péré, òun á tún ohun tóun bà jẹ́ ṣe, òun á sì fi símẹ́ǹtì di páìpù náà títí láé.

Ó tú ìdérí.

"Aláago."

Kò sí ìbẹ̀rù lódìkejì. Kò sí pé bẹ́ẹ̀dì dún. Ohùn àbúrò rẹ̀ ló jáde, ó tutù, ó dúró ṣinṣin, bí ìgbà tó bá ń wo inú aago.

"Ẹ káàsán, Ọ̀gbẹ́ni Irin. Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú méje. Mo ti ń retí yín."

Irun orí Ẹlẹ́nu-Irin dìde lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Kí lẹ wá sọ lónìí?" Aláago tún béèrè.

"Mo wá... mo wá sọ pé mo ṣìṣe. Oògùn ọsibítù yẹn, máa lò ó. Gbogbo ohun tí dókítà yẹn bá sọ, gbọ́ ọ. Ońdè yẹn, tú u dànù."

"Ọba gbogbo ohùn máa ń ṣìṣe?"

"Ó máa ń ṣìṣe."

"Ta ni yín?"

Òjò bẹ̀rẹ̀, ó da ara rẹ̀ sórí páànù bí ẹni tó ń da òkúta. Ẹlẹ́nu-Irin fẹ̀yìn rìn, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ kan pẹpẹ. Sípánà tó tóbi jù, èyí tó fi ń tú páìpù abẹ́ ilẹ̀, yọ̀ kúrò, ó já lé àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ gbìì!

"Yéè! Sípánà burúkú! Àtàǹpàkò mi o, ìyá mi ò!"

Ó gbá ìdérí dé e. Ó jókòó sílẹ̀, ó di ẹsẹ̀ mú, ó bu ètè jẹ. Òjò ń pariwo. Ó dá a lójú pé òjò ti gbé igbe rẹ̀ lọ. Ó kàn ń dá a lójú ni.

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, ó ti fi aṣọ funfun di àtàǹpàkò náà, ó ń sọ fún onígbàjámọ̀ àti ìyá rẹ̀ pé iwin olórí mẹ́ta kan lòun gbá nípàá, pé eyín rẹ̀ méjìlá ló já, pé ọ̀kan ṣì wà nínú bàtà òun.

*

Ọjọ́bọ̀ dé. Ìjókòó pé ní pálọ̀: ìyá wọn, Aláago, Dókítà Oníwèé, àti Ẹlẹ́nu-Irin tó gbé ẹsẹ̀ dídì rẹ̀ lé àpótí. Ojú Aláago ti wálẹ̀ díẹ̀. Kò sí ońdè lápá rẹ̀ mọ́. Fóònù rẹ̀ ló kó lé orí tábìlì, òun àti ìwé kékeré.

"Ọ̀nà tí a fi ń mú ohùn kò le," ni Dókítà wí. "Nígbàkigbà tí ohùn bá dé, Aláago á tẹ fóònù rẹ̀ kó gba ohùn sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, a ó jọ gbọ́ ọ. Aláago, ẹ̀yin lẹ ni ín. Ẹ máa bá a lọ."

Aláago tẹ̀ ẹ́. "Èyí ni ti Ọ̀gá Ariwo. Ọjọ́ Ajé, aago mẹ́wàá. Ó pariwo mọ́ mi fún ìṣẹ́jú mẹ́rin."

Wọ́n dẹtí. Aago ń lù. Ẹnìkan ń gbálẹ̀ níta. Kò sí nǹkan mìíràn.

"Mo gbọ́ ọ ketekete lọ́jọ́ náà," Aláago wí. "Fóònù ò gbọ́ ọ. Torí náà, inú mi ló ti ń wá. Ó ṣì ń dùn mí, ṣùgbọ́n kò sí níta." Ó tún tẹ òmíràn. "Ìyá Ẹjọ́ rèé." Wọ́n dẹtí. Mọ́tò kan kọjá. Kò sí obìnrin kankan.

Ìyá wọn ń sunkún láìpariwo, iṣẹ́ tó le jù tó ṣe láyé rẹ̀ nìyẹn. Ara Ẹlẹ́nu-Irin sì ń balẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Fóònù lásán! Òògùn obìnrin yìí kò mú ẹnikẹ́ni. Ó tiẹ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín.

"Ọ̀gbẹ́ni Irin ló kù," Aláago wí. Ó tẹ̀ ẹ́.

Òjò. Lẹ́yìn náà, láti inú òjò: *Aláago.*

Ìyá wọn fò dìde. "Mo gbọ́ ọ! Yéè, mo gbọ́ ọ o! Dókítà, ṣé èmi náà ti kó o ni?"

"Ẹ jókòó, Màmá. Gbogbo wa la gbọ́ ọ."

*Mo wá sọ pé mo ṣìṣe. Oògùn ọsibítù yẹn, máa lò ó.* Gbogbo ọ̀rọ̀ náà jáde, lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú irin nínú rẹ̀. *Ta ni yín?* Òjò ń pariwo. Lẹ́yìn náà, gbìì!

*Yéè! Sípánà burúkú! Àtàǹpàkò mi o, ìyá mi ò!*

Ìyá wọn wo fóònù. Ó wo aṣọ funfun tó wà lórí àpótí. Ó tún wo fóònù.

"Iwin olórí mẹ́ta," ó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ó wí i kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lóòótọ́, fún ìgbà àkọ́kọ́.

"Mo ṣí kàlẹ́ńdà lẹ́yìn tí òjò dá," Aláago wí. Kò gbójú sókè. "Mo rí ihò páìpù. Ẹ̀gbọ́n mi, oògùn tí mo tún ń lò yẹn, kì í ṣe torí pé ẹ ní kí n lò ó. Mo ti bẹ̀rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn, èmi àti dókítà la jọ sọ ọ́. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀." Ó wá gbójú sókè. "Èyí tó sọ pé aago mi ti kú ńkọ́? Ẹ̀yin náà ni?"

Ẹlẹ́nu-Irin la ẹnu. Ó wá irọ́ kan nínú ara rẹ̀, èyíkéyìí: ìjì, iwin, mànàmáná. Ẹnu tó ti ká ìjì sí àpò kò rí nǹkan kan kó sọ. Ojú àbúrò rẹ̀ dúró lórí rẹ̀, kò bínú, ó kàn ń retí ìdáhùn, bí ó ṣe máa ń retí kí aago lù.

"Ẹ̀gbọ́n," Dókítà bẹ̀rẹ̀, "ẹ jókòó, ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ kí ẹ gbọ́..."

Àga ṣubú. Ẹlẹ́nu-Irin ti jáde! Ẹsẹ̀ dídì, ẹsẹ̀ àìdì, ó fi méjèèjì fẹ́ ẹ, ó fi bàtà kan sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kò sí eyín iwin kankan nínú rẹ̀. Ó kọjá níwájú onígbàjámọ̀ bí ọfà.

"Ẹlẹ́nu-Irin!" onígbàjámọ̀ kígbe, abẹ lókè. "Ṣé ìjì yẹn já lápò ni?"

Ó yí kọ́nà. Ó sáré títí àyà rẹ̀ fi ń hó. Ìgbà náà ló gbọ́ ọ lẹ́yìn rẹ̀, ohùn àbúrò rẹ̀, ó jìnnà, ó ní irin díẹ̀ nínú:

"Ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ padà! Dókítà ní kì í ṣe ẹ̀yin lẹ fa àìsàn..."

Ó bojú wẹ̀yìn. Títì náà ṣófo. Kò mọ̀ bóyá ẹnìkan pè é lóòótọ́, tàbí inú rẹ̀ ló ti wá. Kò ní ìwé kékeré tó lè kọ ọ́ sí, kò sì ní ẹni tó lè bi pé ṣé ó gbọ́ ọ. Ó tún kọrí síwájú, ó ń tiro, ó ń sá lọ.